Ṣéènì Inú Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì: Òkèèrè ni a ti ń Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò kan ẹni tí ó ni ọkọ̀, ó kan ẹni tí ń wà á, ó sì kan ẹni tí ń tún un ṣe. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àgbà tí ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì mu gan-an. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí, tí etí kì í sì í tètè gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí ó bá já, iṣẹ́ òòjọ́ ẹni lè já pẹ̀lú rẹ̀. Ohun náà ni ẹ̀wọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní taimin ṣéènì.

Kí ni iṣẹ́ ṣéènì yìí? Irin gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí àwọn písítìn ń yí. Òun ni kránkìṣáàfù. Irin mìíràn wà lókè tí ń ṣí àwọn fáàfù ní àsìkò tí ó yẹ kí wọ́n ṣí. Òun ni kámṣáàfù. Ṣéènì ni ó so méjèèjì pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe so ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ mọ́ táyà ẹ̀yìn. Bí kránkìṣáàfù bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámṣáàfù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan péré. Kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ti ìyá ìlù àti omele. Olúkúlùkù ní ohùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí àsìkò wọn bá yà, ijó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, ìyapa àsìkò léwu púpọ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó béèrè fún ẹ̀tọ́ onímọ̀ lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ọdún 1892, ní Augsburg ni èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa sì ti jáde ní 1897. Kò lo púlọ́ọ̀gì láti tan iná. Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún mọ́ ojú kan títí tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná tó láti dáná sun epo fúnra rẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ tó lè gbóná bẹ́ẹ̀, písítìn gbọ́dọ̀ gòkè dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Àyè tí ó kù láàárín písítìn àti fáàfù kò tó nǹkan. Bí ṣéènì bá já nígbà tí fáàfù ṣí sílẹ̀, písítìn ń bọ̀ lókè, kò sì mọ ẹni tí yóò yẹ̀ fún. Fáàfù yóò tẹ̀, apá tí ń tì í yóò ṣẹ́, tópù silíńdà sì lè fàya.

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ wá láti ara ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Mercedes-Benz 240D irú W123 ni, èyí tí wọ́n ṣe jáde láti apá ìparí 1975 títí di àárín àwọn ọdún 1980. Iye ọkọ̀ W123, ti pẹtiróòlù àti ti dísẹ́ẹ̀lì, lé ní mílíọ̀nù 2.6. Ẹ́ńjìnnì 240D ní silíńdà 4, ó sì ń fún afẹ́fẹ́ dé ìlọ́po 21. Ní Mòrókò, òun ni ó di taksí ńlá tí ń rìn láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran àwọn onítaksí lọ́wọ́ ní 2014 kí wọ́n lè fi ọkọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣéènì onílà méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì nípọn. Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń sọ pé ṣéènì Mercedes kì í gbó láéláé. Irọ́ ni. Kò sí irin tí ń fi ara kan irin lójoojúmọ́ tí kì í jẹ.

Báwo ni ṣéènì ṣe ń gbó? Àwọn ènìyàn a máa ní ó ti “fà”, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò fà bí rọ́bà. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní písì kékeré kan láàárín tí ó so ó mọ́ èkejì. Ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó jẹ nínú oríkèé kan kò tó ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ro ti gbogbo oríkèé pọ̀, ṣéènì ti gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Èéfín dúdú tí dísẹ́ẹ̀lì máa ń kó sínú ọ́ìlì a máa mú kí ìjẹ náà yára. Ọ́ìlì tí ó ti pẹ́ jù, fílítà tí a kò pààrọ̀, àti ọ́ìlì àdàlù tí a rà nítorí pé owó rẹ̀ kéré, gbogbo wọn ni ọ̀tá ṣéènì. Lẹ́yìn èyí ni tẹ́ńṣánà, tí ń fi agbára ọ́ìlì ti ṣéènì kí ó má dẹ̀, àti àwọn ike tí ń tọ́ ọ sọ́nà, tí ọjọ́ orí lè sọ di gígan kí wọ́n sì ṣẹ́. Pọ́mpù tí ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréèkì náà wà níwájú ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́árì inú rẹ̀ bá fọ́, ègé irin lè bọ́ sáàárín ṣéènì kí ó sì já a lójijì.

Ṣéènì tí ó bá ti gbó a máa fi àmì hàn. Bí a bá tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ariwo wàràwàrà yóò jáde láti iwájú ẹ́ńjìnnì, yóò sì dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá dé inú tẹ́ńṣánà. Ọkọ̀ yóò ṣòro láti tan nígbà òtútù. Agbára rẹ̀ yóò dínkù lórí òkè, èéfín rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i, nítorí ṣéènì yìí kan náà ni ó ń yí pọ́mpù tí ń fún nọ́sù ní epo. Bí ṣéènì bá gùn sí i, fáàfù pẹ́, epo náà pẹ́. Àìmọye awakọ̀ ni ó ti pààrọ̀ nọ́sù, tí ó tún pọ́mpù ṣe, tí ó náwó títí ó sú u, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣéènì ni àrùn náà.

Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń wà láàárín àwọn mẹkáníìkì. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́, kí a má tú u. Wọ́n ní ọwọ́ àìmọṣẹ́ ti ba ẹ́ńjìnnì púpọ̀ jẹ́ ju ogbó lọ, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ní kí a pààrọ̀ ṣéènì ní kété tí ọkọ̀ bá ti dàgbà, kí a má dúró de àmì. Àwọn wọ̀nyí náà kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n owó kì í hù lórí igi. Ohun tí yóò parí ìjà ni ìwọ̀n. Kí mẹkáníìkì ṣí ọmọrí orí ẹ́ńjìnnì. Kí ó fi sípánà yí kránkìṣáàfù bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, jẹ́jẹ́, títí tí àmì ara kámṣáàfù yóò fi bá àmì ara irin tí ó gbé e dúró mu. Kí ó wá wo iye dígírì tí ó wà lára pọ́líì iwájú. Bí ṣéènì bá ṣì dára, àmì òdo ni yóò wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti jẹ, àmì náà yóò ti kọjá òdo.

Iye dígírì yìí ni adájọ́. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀, irin kékeré kan wà, tí ó dà bí ààbọ̀ òṣùpá, tí a gé orí rẹ̀ yà; a lè fi í sábẹ́ eyín kámṣáàfù láti dá àsìkò fáàfù padà. Ṣùgbọ́n irin yìí kò sọ ṣéènì ogbó di ọ̀dọ́. Bí ó bá ti kọjá dígírì 10, kí a pààrọ̀ ṣéènì ni ọgbọ́n.

Pípààrọ̀ rẹ̀ nínú 240D kò béèrè pé kí a sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. A ó yọ tẹ́ńṣánà, a ó sì yọ nọ́sù tàbí púlọ́ọ̀gì ìmúgbóná kí ẹ́ńjìnnì lè yí pẹ̀lú ìrọ̀rùn. A ó di aṣọ sí gbogbo ihò kí irin má baà já sí ìsàlẹ̀. A ó gé oríkèé kan lókè, a ó so ṣéènì tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, a ó sì máa yí kránkìṣáàfù díẹ̀díẹ̀ kí ti àtijọ́ máa fa tuntun wọlé. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹnì kan ni yóò máa yí, ẹlòmíràn ni yóò di orí ṣéènì méjèèjì mú kí ó má fò eyín kan. A kò gbọ́dọ̀ yí i padà sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá yí ká, a ó kan oríkèé ìparí pọ̀ dáadáa, a ó dá tẹ́ńṣánà padà bí ìwé ọkọ̀ ti wí, a ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán láti mọ̀ bóyá nǹkan ń kọlu nǹkan, a ó sì tún àsìkò pọ́mpù epo wò. Dígírì 24 ṣáájú kí písítìn tó dé òkè ni tirẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ó bá ti já ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójijì lójú títì pẹ̀lú ìró irin, kí awakọ̀ má tún sítátà tẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ náà kí ó lè tan. Yíyí kọ̀ọ̀kan ń dá kún ọgbẹ́ ni. Kí ó fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kí wọ́n tú tópù silíńdà, kí wọ́n ka fáàfù tí ó tẹ̀, kí wọ́n wo orí písítìn, kí wọ́n tó sọ iye. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ ni ó rọrùn jù, yálà láti Èkó tàbí láti Kútọnu, kí wọ́n wọn ṣéènì rẹ̀ kí owó tó jáde lápò. Bí ìdí ìkokò kò bá dá a lójú, kì í gbé egungun mì.

Ọkọ̀ tí ó wá lẹ́yìn kò bọ́ nínú rẹ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì N47 tí BMW gbé jáde ní 2007 ní ṣéènì rẹ̀ ní ẹ̀yìn, lápá ibi tí jíà wà, a sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ṣéènì rẹ̀ ń tètè gbó. Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ní láti gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì jáde.

Ọ̀rọ̀ kù díẹ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti awakọ̀. Awakọ̀ ni ó ń gbọ́ ariwo òwúrọ̀. Olówó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní òun ni òun bà á jẹ́, tàbí pé owó ojoojúmọ́ kò ní dínkù bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, yóò pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ tí ṣéènì bá já, àwọn méjèèjì ni yóò sunkún. Kí wọ́n ti fẹnu kò ṣáájú pé ọjọ́ àyẹ̀wò kì í ṣe ọjọ́ ìjíhìn owó. Àdéhùn kékeré yẹn lè gba ẹ́ńjìnnì là.

Gregorios Sachinidis, awakọ̀ taksí ará Gíríìsì, fi 240D ọdún 1976 rìn kìlómítà tí ó tó mílíọ̀nù 4.6, kí ọkọ̀ náà tó wọ ilé ohun àtijọ́ Mercedes-Benz ní 2004. Ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Irin ọkọ̀ tirẹ̀ náà jẹ bí ti gbogbo ènìyàn. Ìtọ́jú ni ó gbé e dé ibẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dún wàràwàrà ní òwúrọ̀ lọ wọn ṣéènì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.