Ta Ló Ń Di Iṣan Wa Mú?

Ẹni tó dúró de ọkọ̀ létí títì kì í ronú nípa orúnkún rẹ̀, síbẹ̀ orúnkún náà kì í yẹ̀. Ta ló dì í mú?

Mùdùnmúdùn inú egungun ẹ̀yìn ni. Àwọn fọ́nrán kéékèèké wà nínú iṣan tó ń ṣọ́ bó ṣe nà sí. Bó bá nà díẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn, òun náà á sì fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kí iṣan súnkì. Kì í dúró gba àṣẹ ọpọlọ, àmọ́ ọpọlọ ló ń díwọ̀n bí èsì náà ṣe máa lágbára tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Liddell àti Sherrington, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1924. Èsì yìí ni dókítà ń yẹ̀ wò tó bá fi hámà kékeré gbá abẹ́ orúnkún yín, tí ẹsẹ̀ ta síwájú.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé èsì yìí jáde. Iṣan á wá rọ. Tẹ́tánọ́ọ̀sì yàtọ̀: oró rẹ̀ ń já ìjánu tó wà nínú mùdùnmúdùn, iṣan á le gbagidi, àgbọ̀n á há.

Ojú ọgbẹ́ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń gbà wọ ara. Nítorí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí àdá bá ṣá yín tàbí ìṣó gún yín, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì tètè lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára.