Wàràǹkàṣì Lórí Búrẹ́dì Yíyan: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Ní Ìpàdé Àwọn Ìyá Ẹgbẹ́, Ẹ̀ka Jos

 Ẹ ní kí àwa tí a ń ṣètò oúnjẹ wá ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí a gba àlejò láti ilé, tí búrẹ́dì dójú tì wá. A kò ní fi ohunkóhun pamọ́.

Àwọn òyìnbó a máa yọ́ wàràǹkàṣì sórí búrẹ́dì yíyan. Tiwọn wọ́n lọ́jà. Nítorí náà a rò pé ọgbọ́n ni kí a ra àwàrà dípò rẹ̀. A gé e, a tò ó sórí búrẹ́dì, a gbé e síná, a ń retí kí ó yọ́. Kò yọ́. A tún koná sí i. Búrẹ́dì di èédú, àwàrà sì jókòó lé e lórí bí òkúta. Búrẹ́dì lásán ni àlejò wa fi mu tíì, ó sì tún dúpẹ́, èyí ni ó dùn wá jù.

Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe àwàrà tí wọ́n ń dín ní títì níhìn-ín, kì í ṣe mílíìkì rárá. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ ra wàrà gidi lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, kì bá tí yọ́. Wọn a gbé mílíìkì kaná, wọn a bu omi ewé bọmubọmu sí i, wọn a sè é títí yóò fi dì. Iná ti mú un le láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá dín in, ara rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á wà bí ó ti wà. Cheddar ti òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ni wọ́n ń mú mílíìkì rẹ̀ dé, wọn kì í jẹ́ kí ó hó, wọn a sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀. Bí iná bá kàn án, ó rọ̀.

Hannah Glasse, obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé oúnjẹ jáde ní 1747. Ó pe oúnjẹ yìí ní ehoro, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Ti Scotland, yan búrẹ́dì, yan wàràǹkàṣì, gbé e lé e. Ti Wales, wọn a fi irin gbígbóná mú òkè rẹ̀ pọ́n. Ti England, wọn a kọ́kọ́ da wáìnì pupa sórí búrẹ́dì. A kò mọ bí àwọn àlùfáà wa yóò ti gbọ́ èyí.

Lóde òní, àwọn ará Wales a máa yọ́ ọ nínú ìkòkò pẹ̀lú bọ́tà, ìyẹ̀fun díẹ̀, bíà díẹ̀ àti mọ́sítáádì, kí wọ́n tó dà á sórí búrẹ́dì. Iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Bí ó bá pọ̀, òróró á ya sọ́tọ̀, ìyókù á máa fà bí rọ́bà.

Èyí tí ó bá ilé wa mu jù ni ti ègé búrẹ́dì méjì. Rin wàràǹkàṣì sáàárín, fi bọ́tà pa ẹ̀yìn méjèèjì, gbé e sínú páànù tí ó nípọn, dé e, kí o sì yí i padà bí ó bá pọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òkè rẹ̀ pọ́n láìyí i padà, kí ó kó èédú lé ọmọrí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe bí a bá ń yan kéèkì nínú ìkòkò.

Ní ti wàrà tiwa, ẹ má dúró kí ó yọ́. Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro, ẹ dín in, ẹ sè é nínú ata àti àlùbọ́sà títí ata yóò fi gbẹ mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sáàárín búrẹ́dì, kí ẹ wá yan án. A ṣe é ní oṣù tí ó kọjá. Àwọn ọmọdé jẹ ẹ́ tán kí alága tó dé.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀ a ó jọ ṣe é. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni a ó ra wàrà, nítorí kì í pẹ́ kan. Kí olúkúlùkù mú páànù tirẹ̀ wá, pẹ̀lú ọmọrí.