Ta Ni Yóò Bá Wa Ta Ilé Ọmọ Òrukàn?



Ilé tí bàbá fi sílẹ̀ ní Fẹ́sítáákì, ogún ọmọ òrukàn ni. Súrátù Nisáì sì kìlọ̀ gidigidi nípa dúkìá wọn. Bí títà bá di dandan, a rọ̀ yín, ẹ má fà á lé éjẹ́ǹtì tí kò níwèé àṣẹ lọ́wọ́. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ yẹ ìwé ilé wò ní FHA. Ìwé àṣẹ kì í sọ olè di olóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó forúkọ sílẹ̀, a mọ ibi tí a ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ náà, ẹ lọ gbàwé àṣẹ. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí i. Àmín.