Afárá Eyín: Ẹ Má Jẹ́ Kí Àlàfo Náà Pẹ́

Mi ò wá kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìyànà-Ìbà, eyín mi kan sì yọ. Mo ní, “Eyín kan ṣoṣo, kí ló kù?” Àmọ́ látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á ti bo ẹnu.

Àṣé àlàfo kì í dúró lásán. Àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síbẹ̀, èyí tó kọjú sí i á máa yọ gùn bọ̀. Oúnjẹ á wá máa há síbi tí kò há sí tẹ́lẹ̀. Bó bá ti rí báyìí, àtúnṣe á le sí i, owó rẹ̀ náà á sì pọ̀ sí i.

Ọ̀kan lára àtúnṣe náà ni èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní bridge, ìyẹn afárá eyín. Wọ́n á gbẹ́ eyín méjì tó wà lọ́tùn-ún lósì àlàfo náà díẹ̀, wọ́n á gba àwòṣe ẹnu, wọ́n á ṣe eyín mẹ́ta tó so pọ̀, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín méjèèjì. Èyí tó wà láàárín ló dí àlàfo. Kì í ṣe èyí tí a ń yọ lálẹ́.

Ẹ fetí sí ibí yìí o: afárá kì í dúró lórí òpó tó ti jẹrà. Eyín tí wọ́n bá sì gbẹ́ kò ní hù padà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ eyín àti erìgì wò, kó ya fọ́tò eegun, kó tó fọwọ́ kàn án. Bí eyín méjèèjì bá le koko, ẹ bi í bóyá eyín àfibọ̀, èyí tí a lè yọ, tàbí èyí tí wọ́n ń gbìn sínú eegun, ló dáa jù fún yín. Eyín àfibọ̀ ló sábà máa ń dínwó jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sá fún àwọn tó ń fi ike lẹ eyín mọ́ eyín lẹ́bàá ọ̀nà. Ìdọ̀tí á kó sábẹ́ rẹ̀, erìgì á wú, eyín tó dáa á tún bá a lọ. Dókítà eyín tòótọ́ ní ìwé MDCN. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ń tọ́jú eyín.

Ẹni tó bá ti ṣe é, kó máa fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ nu abẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ká ní mo mọ̀ ni! Bí eyín àgbà bá já bọ́, ẹ di orí rẹ̀ mú, kì í ṣe gbòǹgbò. Ẹ fi sínú mílíìkì, kẹ́ ẹ sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà kí wákàtí kan tó pé. Ó ṣeé ṣe kó lẹ̀ padà.

Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ máa kọ orúkọ ẹni tó bá fẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, a ó jọ wọkọ̀ lọ. Èmi ni nọ́ńbà kìíní.