Èjìká Tó Ń Dùn Wá: Àlàyé Rẹ̀ Wà Lára Oògùn Rẹ̀

  

Àwọn olóyè ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, èjìká ni mo sì mú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, èyí tí wọ́n ń pè ní fisiotẹ́rápì. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n bí èjìká bá ń dun àgbàlagbà, ọwọ́ tirẹ̀ náà ò ní tó pẹpẹ mọ́. Bí ọwọ́ ọlọ́jà ò bá sì tó pẹpẹ, alábàárù ló máa gba èrè ọjọ́ náà lọ.

Kí ló ń ṣe èjìká?

Orí eegun apá rí róbótó, ibi tó jókòó sí ò sì jìn, bí ọsàn tó wà lórí àwo kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí apá lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká tó dì í mú kó má yẹ̀. Ibi tí iṣan kọ̀ọ̀kan ti mọ́ eegun rí bí okùn, okùn iṣan la ó máa pè é. Òun ló sábà máa ń dùn wá. Bí a bá ń gbé ẹrù kọjá orí lójoojúmọ́, tàbí tí ẹrù pọ̀ lójijì nígbà ọjà ọdún, okùn yìí lè má lè gbé e mọ́. Ọjọ́ orí náà sì ń dá kún un.

Ẹ ó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ wé gèlè, tí ẹ bá fẹ́ de kọ́mú lẹ́yìn, tí ẹ bá fẹ́ fa aṣọ wálẹ̀ láti òkè, á ta yín. Lóru, bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn, oorun á dá lójú yín.

Kì í ṣe ọ̀tá ló ta á sí yín. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni làkúrègbé. Bí wọ́n bá ya àwòrán tí wọ́n ní okùn iṣan ti já díẹ̀, ẹ má tíì sunkún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 ọdún ni tiwọn ti já díẹ̀, tí kò sì dùn wọ́n rárá.

Kí ni ìwádìí sọ?

Ní 2018, ìwé ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí aláìsàn 313. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ èjìká fún ò sàn ju àwọn tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò láìgé nǹkan kan. Ní 2021, wọ́n gbé òmíràn jáde lórí èèyàn 708 tí okùn iṣan èjìká ń dùn. Wọ́n fún àwọn kan ní àlàyé tó jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú eré ìdárayá tí wọ́n á máa ṣe nílé. Àwọn yòókù lè lọ rí olùtọ́jú tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn ọdún kan, bákan náà ni ara wọn ṣe yá. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò pàdánù, bí àlàyé bá ti yé e tó sì ń ṣe é.

Kí la ó máa ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ má so apá rọ̀. Apá tí a ò lò máa ń gan. Ẹ dín ẹrù kù ni. Ẹ pín àpò kan sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọjà tó wúwo wà ní ìwọ̀n ìbàdí, kí èyí tó fúyẹ́ wà lókè.

Èkejì, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀ bí aláǹtakùn, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta, ẹ fẹ̀gbẹ́ sí ògiri, ẹ ká ìgúnpá, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri náà. Ẹ ka 10, ẹ sinmi, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ fi omi inú ọ̀rá kan sínú náílọ̀n, ẹ máa gbé e síwájú dé ìwọ̀n èjìká. Tó bá yá, ẹ fi ìkan kún un.

Bó bá dùn díẹ̀, kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ dín in kù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó hàn dáadáa. Bí àjọ ló rí: ẹni tó dá a lọ́sẹ̀ kan tó wá dáwọ́ dúró, kí ló fẹ́ kó?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ oògùn ìrora di oúnjẹ. Lílò ó lóṣooṣù láìbéèrè lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Abẹ́rẹ́ èjìká lè dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ló wà, kì í sì í ṣe ohun à ń gbà lemọ́lemọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa apá yín.

Ìgbà wo ni a ò gbọdọ̀ dúró?

Bí ẹ bá ṣubú tí apá ò sì gbéra mọ́, tàbí tí èjìká wú, tó gbóná, tí ibà bá a wá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dùn tí ìrora rẹ̀ dé apá tàbí èjìká, tí òógùn ń bò yín, tí èémí ò délẹ̀, ó lè jẹ́ ọkàn. Ẹ sáré lọ. Àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí èjìká tètè gan, nítorí náà kí ẹni tó ní in tètè wá bó bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ, bí ìyá bá ní èjìká ń dun òun, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ẹ bá a gbé ẹrù òkè wálẹ̀, kí ẹ sì rán an létí eré ìdárayá rẹ̀.

Ọwọ́ wa ò ní rọ, apá wa ò ní gan.