Ohun Tí Ọ̀bẹ Fi Sílẹ̀: Àwòrán Obìnrin Nínú Iṣẹ́ Líno



Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà Ìyá Màpó, tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin. Ẹ̀yin àgbà awo, ẹ̀yin ìyánífá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà tí ẹ péjọ sí Ilé-Ifẹ̀ lónìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá: báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa fín àwòrán obìnrin sórí líno, ta ni ó sì yẹ kí ó di ọ̀bẹ mú?

Líno jẹ́ ohun ìtẹ́lẹ̀ tí ó rọ̀ tó láti fín. Oníṣẹ́ a ya àwòrán sí ojú rẹ̀, a fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ibi tí kò fẹ́ kí tàdáwà dé, a fi rólà pa tàdáwà sí i, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ibi tí ó gbẹ́ yóò funfun. Ibi tí ó fi sílẹ̀ yóò dúdú. Ohun tí ó wà ní ọ̀tún yóò bọ́ sí òsì. Mo pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní àfíntẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì inú orúkọ náà kì í ṣe àjèjì sí wa: à ń fín igbá, à ń tẹ Ifá. Bí ikin méjì bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ awo, ẹyọ kan ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku ẹyọ kan, méjì ni yóò tẹ̀. Awo ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ó kù lọ́wọ́ àti ohun tí ó hàn lójú ọpọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà mọ̀ ọ́n: ibi tí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí, aró kò ní í mú un.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn nílùú wa. Ní 1968 ni Ibùdó Orí Olókun bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Solomon Wangboje, ọ̀gá nínú iṣẹ́ àwòrán títẹ̀, sì darí ẹ̀kọ́ ọnà ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1964, Georgina Beier ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Mbárí-Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Àwọn tí òkìkí wọn kàn jù láti ibẹ̀ ni Rufus Ògúndélé, Adébísí Fábùnmi, Múráínà Oyèlámì, Jimoh Búràímọ́ àti Twins Seven-Seven. Obìnrin ni olùkọ́. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàìsí obìnrin tí ó mọ àwòrán yà. Àwọn aládìrẹ ni wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Màpó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Ọ̀bẹ líno nìkan ni kò tètè dé ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo obìnrin tí ó kúnlẹ̀, tí ó gbé agere Ifá lórí. Àwọn kan ní ẹrú ni, wọn kò sì fẹ́ rí i mọ́. Àwọn mìíràn ń fín in, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ orí rẹ̀ ba bí ẹni tí ojú ń tì. Ọ̀rọ̀ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́ àkúnlẹ̀yàn sí wẹ́wẹ́: ohun tí a kúnlẹ̀ yàn ni. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó yàn. Ìkúnlẹ̀ ni abiyamọ fi ń mú ọmọ wá sáyé, òun náà ni a fi ń bá Orí sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí orí ère wa fi ń tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara. Ní Ìta Yemòó, tí ó ń jẹ́ orúkọ aya Ọbàtálá, a rí ère idẹ ọba àti ayaba ní 1957, tí wọ́n kọ́wọ́ kọ́ra, tí wọ́n sì kọ́sẹ̀ kọ́ra. Àwọn méjèèjì ni wọ́n dúró.

Kí ni ewu tí mo rí? Bí ère igi bá ní àbùkù, ère kan ṣoṣo ni. Bí líno bá ní àbùkù, gbogbo bébà tí a bá tẹ̀ láti ara rẹ̀ ni yóò gbé àbùkù náà lọ, sínú ìwé ọmọdé, sórí kàlẹ́ńdà, sára ògiri ilé wa. Òṣun tí a ń rí nínú àwòrán púpọ̀ lónìí jọ mámíwọ́tà: irun rẹ̀ kì í ṣe ti wa, ìdí àti ọmú ni ọ̀bẹ fara balẹ̀ sí, orí kò sì ju àmì kékeré lọ. Ọmọbìnrin tí ó bá ń wo irú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò rò pé òrìṣà tí òun jọ kò ní orí tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà, orí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà kí ẹ tó mú ọ̀bẹ. Ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gba tàdáwà dáadáa. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ nínú àwòrán yín, ẹ jẹ́ kí ó gbójú sókè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbé owó iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbé ọ̀bẹ lé àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́, kí ẹ sì san owó tí ẹ ń san fún ọkùnrin fún wọn. Ìyá wọn ti fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe é lára aṣọ. Ọwọ́ wọn kò ní í gbọ̀n lórí líno.

Orí yóò gbè wá o. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.