Físíìsì tàbí Iṣẹ́ Ẹnjinníà? Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Àwọn Òbí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tí ó fẹ́ràn físíìsì, tí ó sì ní i lọ́kàn láti di ẹnjinníà lọ́jọ́ iwájú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan. Ó kan bàbá tí yóò ta kòkó, ó sì kan ìyá tí yóò dá èsúsú, kí owó ilé-ìwé lè pé. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí tọmọdé tàgbà jọ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan wà tí ó ń dé ilé púpọ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ ti ṣe ìdánwò JAMB, iṣẹ́ ẹnjinníà ni ó sì béèrè fún. Máàkì rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò tó èyí tí wọ́n ń wá. Yunifásítì wá sọ fún un pé àyè kò sí mọ́ nínú ẹ̀kọ́ ẹnjinníà, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́, kí ó wá kọ́ físíìsì. Ṣé kí ó gbà ni, tàbí kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀? Àwọn kan nínú ẹbí á ní kí ó gbà, pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Àwọn mìíràn á ní kí ó kọ̀, pé ẹni tí ó kọ́ físíìsì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé lọ. Ìmọ̀ràn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wọ́n wò.

Físíìsì ni ẹ̀kọ́ tí ń wádìí ìdí tí àwọn ohun inú ayé fi ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: ìdí tí òkúta fi ń já bọ́ sílẹ̀, ìdí tí irin fi ń gùn sí i nínú ooru, ìdí tí a fi ń rí mànàmáná kí a tó gbọ́ àrá. Iṣẹ́ ẹnjinníà ni kí a fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí yóò wúlò fún ènìyàn, tí yóò pẹ́, tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, tí owó rẹ̀ kò sì ní kọjá agbára ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi iná mọ̀nàmọ́ná ṣe àpẹẹrẹ. Iná tí a ń fi agbára omi Odò Ọya ṣe ní Kainji, níbi tí a ti ṣí ìsédò ńlá nì ní ọdún 1969, ń gba orí àwọn òpó gíga wá sí ìhà Òṣogbo ní 330,000 fóltì. Kí ó tó wọ inú ilé wa, a ó ti sọ ọ́ kalẹ̀ di nǹkan bí 230 fóltì. Ẹni tí kò mọ ìdí lè béèrè pé, èéṣe tí a kò fi rán an ní 230 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wàhálà má baà pọ̀?

Ẹ fi ojú inú wo àwọn alárùú tí ń gba ọ̀nà tóóró lọ sí ọjà. Bí ó bá jẹ́ ẹrù kékeré ni olúkúlùkù rù, àwọn alárùú yóò pọ̀ lójú ọ̀nà, wọn yóò máa fara gbún ara wọn, agbára púpọ̀ yóò sì ṣòfò kí ẹrù tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá lè ru ìlọ́po mẹ́wàá ẹrù bẹ́ẹ̀, ìdámẹ́wàá àwọn alárùú náà ti tó. Fóltì ni ìwọ̀n ẹrù tí alárùú kọ̀ọ̀kan rù. Iye alárùú tí ń kọjá ni a ń pè ní kọ́rẹ́ńtì. Físíìsì sì fi hàn wá pé, nínú wáyà kan náà, bí kọ́rẹ́ńtì bá dín kù sí ìdámẹ́wàá, agbára tí ń di ooru tí ó sì ń ṣòfò yóò dín kù sí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé fóltì sókè kí iná tó rin ọ̀nà jíjìn.

Ibi tí físíìsì bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹnjinníà ni yóò gbà á níbẹ̀. Òun ni yóò ṣírò bí òpó yóò ti ga tó, kí ọkọ̀ akẹ́rù má baà sún mọ́ wáyà bí ó bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Òun ni yóò rántí pé wáyà a máa gùn sí i nínú oòrùn, a sì máa rọ̀ wálẹ̀. Òun ni yóò ro ti ìjì tí ń ṣíwájú òjò, ti ilẹ̀ àbàtà tí òpó kan yóò dúró lé, àti ti owó tí ó wà nínú àpò. Bí ó bá ṣì í ṣírò, ẹlòmíràn ni yóò fi ara gbá a.

Ẹ̀rọ tiransifọ́mà tí ń gbé fóltì sókè, tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀, inú físíìsì ni ó ti wá. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìdìwé ní èwe rẹ̀, ni ó rí i ní ọdún 1831 pé bí agbára mágínẹ́ẹ̀tì bá ń yí padà láàárín òrùka wáyà, iná yóò ṣàn nínú wáyà náà. Kò sí ẹnjinníà iná kan lónìí tí kò jẹ nínú oko tí ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí ro.

Nílé wa níhìn-ín, ẹ ó ti gbọ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí, ẹni tí a bí ní ọdún 1937, tí ó sì kú ní ọdún 1984. Ẹnjinníà ni, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Àwọn ènìyàn rántí rẹ̀ nítorí ọkọ̀ Autonov 1 tí ó lè sá iwájú kí ó sì sá ẹ̀yìn bákan náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga láàárín àwọn onímọ̀ ni èyí tí ó ṣe lórí bí ohun wúwo ti ń mì lórí ilẹ̀. Ìbéèrè físíìsì gidi ni èyí, òun náà sì ni ó yẹ kí a dáhùn kí a tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ ńlá lélẹ̀. Ẹ kò rí i pé ẹnjinníà tí ó bá mọ físíìsì dénú ni ó ń jìnnà?

Nígbà náà, kí ni ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí òbí mọ̀ kí ó tó san owó? Ọ̀nà ìwọlé méjèèjì jọra. Ẹni tí yóò kọ́ ẹnjinníà ní yunifásítì níláti ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì nínú ìdánwò JAMB, kí ó sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tí àwọn mẹ́rin wọ̀nyí wà níbẹ̀. Láti ibi ìdánwò JAMB, ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ẹnjinníà. Ti físíìsì jẹ́ mẹ́rin. Ẹnu ọ̀nà àbájáde ni wọ́n ti pínyà. Òfin ọdún 1970 ni ó dá ìgbìmọ̀ COREN sílẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjinníà ní Nàìjíríà. Dígírì físíìsì nìkan kò mú ènìyàn wọ inú ìwé orúkọ àwọn ẹnjinníà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́ nìyí.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò le. Kí ọmọ náà bi ara rẹ̀ léèrè, kí àwọn òbí sì fi sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀: kí ni ó ń dùn mọ́ ọ jù, kí o mọ ìdí nǹkan ni, tàbí kí o ṣe nǹkan tí yóò dúró? Bí ó bá jẹ́ ìdí nǹkan ni, kí ó gba físíìsì tayọ̀tayọ̀. Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀. Onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ ni ó ń gún ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, tí ó ń rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀, láti mọ ibi tí omi wà nínú àpáta tí ó sán, kí a má baà fi owó abúlé gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ibi gbígbẹ. Onímọ̀ físíìsì wà ní ilé-ìwòsàn tí a ti ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ. Òun ni ó ń wọn ìtànṣán náà kí ó má baà pọ̀ jù. Ó wà níbi tí a ti ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tí ó sì kọ́ físíìsì tí ó di olùkọ́ rere, iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣe, nítorí láìsí i, kò sí ẹnjinníà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ afárá, ẹ̀rọ àti òpó iná ni ọkàn ọmọ náà ń fà sí, kí ó má ṣe gba físíìsì pẹ̀lú èrò pé yóò di ẹnjinníà fúnra rẹ̀. Kí ó lọ sí yunifásítì náà, kí ó béèrè bóyá wọ́n ń gba ènìyàn láyè láti yí ẹ̀kọ́ padà lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, àti iru máàkì tí wọ́n ń wò. Kí ó béèrè bóyá COREN fi ọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ẹnjinníà tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ọ̀nà pọlitẹ́kíníìkì náà ṣí sílẹ̀: ẹni tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí ND pẹ̀lú máàkì tí ó dára lè wọ yunifásítì láìtún bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tí ó ti wọlé. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, èyí tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ kí ó lè fi ojú rí ohun tí ó kà. Àwọn kan ń wá ẹni tí yóò bu ọwọ́ lu ìwé wọn nìkan, wọ́n á sì padà sílé. Ara wọn ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Lọ sí ojú iṣẹ́. Máa kí birikílà àti wẹ́ẹ́dà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọwọ́ wọn mọ ohun tí ìwé kò sọ. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, wá ibi tí ẹnjinníà tí orúkọ rẹ̀ wà ní COREN yóò ti máa tọ́ ọ sọ́nà, bí owó oṣù ibẹ̀ tilẹ̀ kéré, nítorí ìrírí àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ náà yóò wò kí ó tó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣe bu ọwọ́ lu ohun tí o kò dán wò. A máa ń rọ kọnkéré sínú àpótí onígun mẹ́rin, a ó sì fọ́ ọ ní ọjọ́ 28 láti mọ bí agbára rẹ̀ ti tó. Bí kò bá yege, sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ì báà máa kánjú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí a ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí ní Èkó, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin fi ń yẹ ìwé ẹni wò kí ó tó pè é ní ẹnjinníà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ipá yan fún ọmọ, ẹ má sì dá a dá ìpinnu náà. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọbìnrin ni ó fẹ́ràn físíìsì, ẹ má ṣe yí i lọ́kàn padà. Irin kò mọ ọwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin. Ẹ bá a ka ìwé tí yunifásítì fi ránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú un tọ olùkọ́ lọ kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jèrè àwọn ọmọ wa.